Kí Olóyè Rìn Dé Ọ̀dọ̀ Ẹyẹ

Ní Ìgbólómi, bí ọkùnrin kan bá ń fọ́nnu pé òun lòun ni gbogbo oko tó wà lẹ́yìn odò, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Bí obìnrin kan bá ń sọ pé ọbẹ̀ òun kò láfiwé, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, wọn ò ní bá a jà. Wọ́n á kàn wo ara wọn lójú, ẹnì kan á sì ní, "Kí olóyè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ." Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín.

Àlejò tó bá gbọ́ ọ máa ń rò pé oríkì ni. Olóyè wo? Ẹyẹ wo? Kí ni olóyè fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ ẹyẹ? Ọkùnrin kan tó máa ń wá ta iyọ̀ níbẹ̀ tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó fi kí olóyè ìlú tirẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú nígbà tí ẹnì kan tó mọ Ìgbólómi túmọ̀ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni.

Ìgbólómi wà létí adágún kan tí wọ́n ń pè ní Yèyé. Nígbà òjò, omi Yèyé máa ń kún dé ìdí ọ̀pẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á fà sẹ́yìn, á fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ máa ń hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá. Omi jẹ́ ti gbogbo ìlú, pàápàá ti àwọn obìnrin tó ń dẹ ìgèrè sínú rẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé tó ni etí omi. Ṣùgbọ́n níbo ni omi parí sí, níbo sì ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀?

Àwọn àgbà àtijọ́ ja ìjà yìí títí ó fi sú wọn. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹyẹ lọ́wọ́, torí ẹyẹ kò ní ìdílé, kò sì ní àna. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa lọ́dọọdún, gbogbo ìlú á jáde láàárọ̀ ọjọ́ wíwo ẹyẹ, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sí etí Yèyé, wọ́n á máa wo lékeléke àti àkọ̀ tó ń jẹ níbẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹyẹ bá ti rì sínú omi, ti ìlú ni. Ibi tí ẹyẹ bá dúró sí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ti onílẹ̀ ni. Wọ́n á wo ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ tó wọ inú adágún jìnnà jù lọ, onílẹ̀ á ri igi mọ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé ẹyẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá lé e, òun àti ìdílé rẹ̀ kò ní fi ẹsẹ̀ kan Yèyé mọ́ láéláé.

Òfin tó dára ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè bá ẹyẹ ṣọ̀rẹ́.

Olóyè Kúyọ̀rọ̀ ló ni etí omi níhà ìlà-oòrùn. Ó sanra, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á kọ́kọ́ ki omi, á ki igbá, á ki ẹni tó ń bu omi náà àti ìyá tó bí i. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á ti gbàgbé pé omi ló fẹ́ mu. Àwọn ará Ìgbólómi gbádùn rẹ̀. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni. Ẹfúnyẹlá nìkan ló máa ń dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ bí olóyè bá ti bẹ̀rẹ̀.

Opó ni Ẹfúnyẹlá. Ó ní ìgèrè, ó sì ní ẹnu. Ìgèrè ló fi ń bọ́ ilé rẹ̀, ẹnu ló fi ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ ti kó oko lọ. Ibú tó wà láàárín Yèyé, níbi tí àrọ̀ ńláńlá máa ń sá pamọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn, ni gbogbo ohun tó kù fún un láyé. Bí ibú yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó kù ju kó lọ máa fọ ìkòkò ní ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, ó sì ti búra pé òun á kọ́kọ́ jẹ ìkòkò náà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, olóyè wá bá àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ẹfúnyẹlá ń la ikùn àrọ̀ lọ́wọ́. Wúràọlá, ìyàwó kékeré inú agbolé rẹ̀, ń fẹ́ iná.

"Ẹ̀yin ìyá ayé," olóyè bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin òpómúléró, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í dilẹ̀, tí èéfín yín ń gòkè bí àdúrà..."

"Olóyè, ẹ káàárọ̀," Ẹfúnyẹlá ní. "Kí lẹ fẹ́?"

"Ṣé ẹ rí i, àwọn baba wa ní ẹni tó bá ń sin ẹran, bí ẹni tó ń sin àlejò..."

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá? Èéfín ń wọ̀ yín lójú, ọ̀bẹ sì ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Ìfun ẹja ló fẹ́. Ó ní ológbò ti pọ̀ nílé òun, ebi sì ń pa wọ́n. Ẹfúnyẹlá da ìfun tó wà níwájú rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e fún un kí ọ̀rọ̀ lè tán. Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́ ni Sálákọ́, ọkùnrin tó ń bá olóyè roko, ń wá gba ìfun ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin.

"Ológbò yín yìí mà ń jẹun o," Ẹfúnyẹlá sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ṣé wọ́n ń bọ́ wọn ni àbí wọ́n ń sin wọ́n sínú ìfun?"

"Wọ́n pọ̀, Ìyá," Sálákọ́ dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, olóyè bẹ̀rẹ̀ sí gé ọparun. Ó ní ọgbà ni òun fẹ́ fi ṣe. Ó tún wá bẹ ìlú pé kí wọ́n kó ìgèrè wọn kúrò ní ibú, kí ẹnikẹ́ni má sì wa ọkọ̀ gba ìhà ọ̀dọ̀ òun kọjá títí ọjọ́ wíwo ẹyẹ á fi dé, kí ẹyẹ lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹyẹ títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Wọ́n yìn ín. Ẹfúnyẹlá kó ìgèrè tirẹ̀ náà kúrò, ó ń kùn.

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo ìlú jókòó sórí ẹní létí Yèyé, àwọn ìyá fi ọmú di ọmọ wọn lẹ́nu kó má baà sunkún. Baba Ṣówándé, àgbà tó ń ṣe ìdájọ́ ẹyẹ, jókòó sórí àpótí níwájú. Olóyè Kúyọ̀rọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá funfun, ó wọ fìlà tuntun.

Lékeléke ló kọ́kọ́ dé. Wọn ò bà sí etí omi bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n fò kọjá, ó di orí ojúoró tó léfòó sórí ibú gan-an, ní àárín gbùngbùn Yèyé, wọ́n bà, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àkọ̀ kan, ẹlẹ́sẹ̀ gíga, ọlọ́rùn bí ejò, tẹ̀ lé wọn. Ó ká ẹsẹ̀ kan mọ́ abẹ́ ikùn, ó fi ìkejì dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn gbẹ táútáú.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín èrò.

"Ìyálé mi," Wúràọlá sọ sí Ẹfúnyẹlá létí, "bí wọ́n bá ri igi mọ́ ibẹ̀ yẹn, níbo la ti máa dẹ ìgèrè?"

Ẹfúnyẹlá tẹjú mọ́ àkọ̀ náà. Ibi tí àkọ̀ yẹn dúró sí, ọ̀pá tí òun fi ń ti ọkọ̀ ti rì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, kò sì kan ìsàlẹ̀. Ojúoró kì í gbé àkọ̀. Bóyá ó lè gbé lékeléke, ṣùgbọ́n àkọ̀ yẹn tó adìyẹ méjì. Ọwọ́ rẹ̀ wá ẹrẹ̀ gbígbẹ kan kàn nílẹ̀, ó dì í mú.

Wúràọlá gbá a lọ́wọ́ mú. "Ẹ má dán an wò! Bí ẹ bá lé wọn, a ò ní Yèyé mọ́ nìyẹn, àtẹ̀yin àtèmi."

Ẹfúnyẹlá ju ẹrẹ̀ náà sílẹ̀.

Olóyè ti dìde. "Ìgbólómi, ẹ wo iṣẹ́ àrà! Ẹyẹ kì í gba rìbá, ẹyẹ kì í ṣe ojúsàájú. Ilẹ̀ baba mi tó ti sùn lábẹ́ omi láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ló jí lónìí, ó na ara rẹ̀, ó ní kí ẹyẹ wá bá òun yọ̀. Ilẹ̀ tó le, ilẹ̀ tó tẹ́jú, ilẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ lè ta òkòtó lórí rẹ̀! Àwọn baba wa ní..."

Ó sọ ohun tí àwọn baba wa sọ. Wọ́n sọ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Baba Ṣówándé mí kanlẹ̀.

"Ohun tí ojú rí nìyẹn," ó ní. "Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ẹsẹ̀ ẹyẹ gbẹ. Kí onílẹ̀ lọ ri igi rẹ̀."

Olóyè ṣẹ́wọ́ sí Sálákọ́. Sálákọ́ gbé igi léjìká, ó lọ tú ọkọ̀.

Ẹfúnyẹlá dìde nàró. "Ẹ dúró ná! Sálákọ́, kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Mo fẹ́ fi lọ ri igi, Ìyá."

"Níbo?"

"Lórí... lórí ilẹ̀ yẹn."

"Ó wà lórí ilẹ̀, ó ń wakọ̀," Ẹfúnyẹlá sọ fún gbogbo èrò. "Èmi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lọ́la, ẹ máa rí mi tí mo ń wakọ̀ lọ sí ilé ìdáná."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Baba Ṣówándé yí orí rẹ̀ síhà ibi tí ohùn ti wá.

"Baba," Ẹfúnyẹlá ní, "nígbà ayé bàbá yín, ta ló ń ri igi?"

"Onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń rìn dé ibẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló ń rán ọmọ ọ̀dọ̀."

"Ẹ ṣeun, Baba. Mi ò ní ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu, ẹ má bínú sí mi. Ilẹ̀ olóyè ti jí, ó le, ó tẹ́jú, ọmọ ọwọ́ ń ta òkòtó lórí rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí olóyè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ."

Olóyè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ìyá yìí kò ní pa wá lẹ́rìn-ín kú. Ẹsẹ̀ olóyè ha jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kan ẹrẹ̀ bí? Àwọn baba wa ní..."

"Ẹrẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹ ní ó le ni!"

"Orúnkún ń dùn mí láti ìjẹta."

"Àkọ̀ yẹn náà, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró."

Ohùn kan láti ẹ̀yìn ní, "Kí olóyè rìn!" Ohùn mìíràn gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pa àtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọn ò jẹ́ kó le, kí ẹyẹ má baà sá: "Kí olóyè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Kí olóyè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ." Àwọn tó ti sunkún nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹyẹ ló ń pa á jù.

Olóyè wo Sálákọ́. Sálákọ́ ń wo ilẹ̀. Bó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó wá rántí pé Sálákọ́ ti rìn lórí ọparun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojúoró náà, ọparun náà sì gbé e. Kò rántí pé Sálákọ́ méjì ò tó òun. Ó gba igi, ó ká agbádá lé èjìká, ó wọ inú ẹrẹ̀.

Ẹrẹ̀ mu ún dé kókósẹ̀, ó mu ún dé orúnkún. Ó ń fa ẹsẹ̀ yọ bí ẹni tó ń fa iṣu. Nígbà tó dé ibi tí ojúoró ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ó gbé e dúró. Ó gbé ìkejì lé e. Ó tún gbé e dúró! Olóyè rọra rìn lórí omi títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Létí omi, wọ́n dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Ìkòkò ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Ẹfúnyẹlá ń rí níwájú.

Bí olóyè bá ti ri igi lójú ẹsẹ̀ tó padà sílé, ìtàn yìí ì bá má sí. Ṣùgbọ́n ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sókè.

"Ìgbólómi!" ó ké. "Àwọn baba wa ní..."

Àwọn ẹyẹ mọ ohùn yẹn. Ohùn tó ń gbé ìfun wá láràárọ̀ ni. Lékeléke gbogbo sá tọ̀ ọ́ lọ bí adìyẹ tó rí ẹni tó ń da àgbàdo. Èyí ń fa agbádá, èyí ń ṣá a lẹ́sẹ̀. Àkọ̀ na ọrùn gígùn rẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ó ń wá ohun tó wà níbẹ̀.

"Hàà!" Ẹfúnyẹlá pariwo. "Wúràọlá, wò ó! Àwọn ológbò olóyè rèé!"

Gbogbo obìnrin tó ti fún Sálákọ́ ní ìfun ẹja ló mọ ohun tó ń sọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín bú gbàù. Olóyè yẹ̀ fún ẹnu àkọ̀, ó fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kan. Ọparun dún kàá. Ohun tí àwọn baba wa sọ lọ́jọ́ náà, títí di òní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Olóyè rì.

Ìdàjì àtẹ ọparun yẹn ṣì so mọ́ ara wọn, ó há sí abẹ́ apá rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó rì tán. Omi mu ún dé àyà. Ojúoró rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò sókè, wọ́n yí po, ọ̀pọ̀ wọn lọ sí etí omi, níbi tí wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀. Lékeléke kan ṣoṣo ló padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ibi tó gbẹ. Ó bà lé fìlà olóyè.

Sálákọ́ ti wọ inú ọkọ̀ láti lọ gbé ọ̀gá rẹ̀.

"Dúró!" Baba Ṣówándé ní. Omi ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Ẹyẹ ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ á lé e. Òfin ni òfin."

"Baba," Ẹfúnyẹlá ní, "ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn ńkọ́?"

"Ṣé ó gbẹ?"

"Ó gbẹ táútáú. Òun sì ni ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà jù. Ṣé ká ri igi mọ́ olóyè?"

Àwọn kan yí gbiri lórí ẹní. Olóyè kò lè gbé ọwọ́ sókè lé ẹyẹ náà. Bó bá lé e, òun àti gbogbo ìdílé rẹ̀ kò ní Yèyé mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́. Oòrùn ń gòkè. Lékeléke ṣa ìyẹ́ rẹ̀, ó yàgbẹ́ sára fìlà tuntun náà, ó tún ṣa ìyẹ́. Ìgbẹ́ náà ṣàn gba imú olóyè wálẹ̀.

"Ẹ yọ mí," olóyè ní.

"Ẹ ní kí ni?" Ẹfúnyẹlá bi í.

"Ẹ yọ mí!"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, Bàbá, ọ̀rọ̀ yín tó kọ́kọ́ yé mi nìyẹn." Ó mú epìyà kékeré kan nínú agbọ̀n rẹ̀, ó gbé e sókè. "Èmi ò lè lé ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kí n má pè é wá jẹun. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, níbo ni ilẹ̀ yín parí sí?"

Olóyè ya ẹnu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn baba wa. Ẹfúnyẹlá dá epìyà náà padà sínú agbọ̀n.

"Létí omi!" olóyè ké. "Létí omi, níbi tó wà tẹ́lẹ̀! Èmi ni mo tẹ́ ọparun! Ibú kì í ṣe tèmi!"

Ẹfúnyẹlá ju epìyà sí etí omi. Lékeléke fò wálẹ̀ wá gbé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ níbi tó dúró sí. Baba Ṣówándé ní kí wọ́n ri igi mọ́ ibẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni igi ọdún tó kọjá wà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ lọ gbé olóyè.

Àwọn obìnrin fa ọparun jáde kúrò nínú ibú, wọ́n fi ṣe àtẹ tí wọ́n ń yan ẹja lé lórí. Ẹfúnyẹlá dẹ ìgèrè rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, àrọ̀ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ sì sanra gidigidi. Wúràọlá ní ó jọ ẹnì kan. Láti ọdún náà ni òfin wíwo ẹyẹ ti ní ìrù: bí ẹyẹ bá dúró níbi tó ń ya èèyàn lẹ́nu, kí onílẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, kó máà gun ọkọ̀, kó máà rán ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jókòó tì yín, tó ń to ọ̀rọ̀ léra bí ojúoró, tó ní ilẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ kàn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí olóyè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ.